Ara Tó Ń Ṣí Funfun: Àgbéyẹ̀wò Vitiligo àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí àmì funfun kan bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ènìyàn dúdú, bí kò tilẹ̀ tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, kò ní pẹ́ tí ìbéèrè á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Kí lo fi para? Ṣé o ti ń bóra ni? Ta lo ṣẹ̀? Àwọn àgbà ilé á wò ó lọ́tùn-ún, wọ́n á wò ó lósì, wọn ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ orúkọ àrùn tó wà lọ́kàn wọn. Nígbà tí àmì náà bá fi máa dé ọwọ́ àti orúnkún, ẹni tó ń ṣe ti náwó sórí ọṣẹ, sórí àgbo, sórí ìpara, sórí ẹbọ tàbí àdúrà. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni ẹnikẹ́ni kì í bi í: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ṣì ń tàn?

Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú vitiligo dúró lé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: àìsàn yìí ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà lọ́ra, àwọn oṣù àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi ń wá ẹni tó ṣe wá kiri gan-an ni àwọn oṣù tí oògùn ì bá ṣiṣẹ́ jù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ ara? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣe èròjà tó ń fún awọ àti irun láwọ̀ lọ. Aláró ni wọ́n: wọ́n á po aró, wọ́n á sì pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká. Iye aláró tó wà lára òyìnbó àti èyí tó wà lára wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Aró tí wọ́n ń pò ló yàtọ̀. Nínú vitiligo, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, á ṣi àwọn aláró yìí mú fún ọ̀tá, wọ́n á sì máa pa wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti pa wọ́n tán, awọ á ṣí, á funfun báláú. Kì í dunni, kì í sábà yúnni, kì í sì í ràn. Ẹni tó ní in lè bá ọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè jọ sùn lórí ẹní kan, kò sí ohun tó máa ti ara rẹ̀ bọ́ sí tìrẹ.

Káàkiri ayé, àwọn tó ní in tó bí ẹni 1 sí 2 nínú 200. Ọkùnrin ò yọ, obìnrin ò yọ, òyìnbó ò yọ, aláwọ̀ dúdú ò yọ. Bí a bá tilẹ̀ mú èyí tó kéré jù nínú ìṣirò náà, orílẹ̀-èdè tó ní ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ bíi Nàìjíríà á ní tó mílíọ̀nù kan. Bí ìdajì wọn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún, ìyẹn ni pé ọmọ iléèwé ni wọ́n nígbà tí ojú àwọn ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọ lọ́tùn-ún lósì: bó bá yọ sí orúnkún ọ̀tún, á wá ti òsì lọ. Èkejì máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, á sáré tàn fún ìgbà díẹ̀, á sì dúró síbẹ̀.

Ìdílé ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lágbára tó bí a ṣe rò. Nínú ẹni 5 tó ní vitiligo, bí ẹnì kan ló ní mọ̀lẹ́bí tó ní in. Ẹ wo àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí ohun tí wọ́n jogún kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra: bí ọ̀kan bá ní vitiligo, ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí ẹni 1 nínú 4 ni ìkejì rẹ̀ náà máa ń ní in. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ti ìta wá fọwọ́ tì í. Nígbà mìíràn ọgbẹ́ ni, nígbà mìíràn iná tó jóni, nígbà mìíràn ìfọwọ́ra lásán. Ẹni tí àìsàn náà ń jà lára rẹ̀ lọ́wọ́ lè rí i pé ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, ibi tí okùn kọ́mú ń há mọ́, ibi tí bàtà ti ń họ ẹsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni funfun tuntun ń gbà yọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó yéé fi kànrìnkàn gbo ara gírígírí. Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé gbígbo yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, pé bóyá àmì náà á ṣí kúrò.

Èròjà inú iléeṣẹ́ náà lè pa aláró. Ní 1939, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọwọ́ wọn sì ṣí funfun. Monobenzone, èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà náà, ló fà á. Ní 2013, iléeṣẹ́ Kanebo ní Japan kó àwọn ìpara kan tí wọ́n fi ń mú ojú mọ́lẹ̀ kúrò lọ́jà lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó lò ó rí funfun lójú, lọ́rùn àti lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí gbogbo ọjà rẹ̀ kún fún ìpara abóra tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn méjì yìí kó kàn kọjá lọ.

Kí n tó dé orí oògùn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí ẹni tó ní àìsàn yìí ń fojú rẹ̀ rí láwùjọ wa, nítorí ibẹ̀ ni ìyà rẹ̀ pọ̀ sí jù. Lára òyìnbó, àmì náà lè wà fún ọdún gbọọrọ kí aládùúgbò tó fura. Lára wa, wọ́n ń rí i láti òdìkejì títì. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣí, á rí i pé àwọn oníbàárà ń dín kù. Àwọn tó ṣì ń yà á á na owó sí i láti òkèèrè, wọ́n á ní kó gbé ṣéńjì sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó máa sọ ìdí fún un, òun náà kò sì ní béèrè. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru ọ̀sán, á máa fa gèlè bo etí, á máa jí ṣáájú ará ilé kó tó rí àyè kun ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìgbéyàwó, ó ti le nìyẹn. Láyé àtijọ́, alárinà ni wọ́n ń rán lọ ṣe ìwádìí: ṣé wọn kì í ya wèrè nílé yẹn, ṣé wọn kì í gbé wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ìwádìí náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, orí fóònù ni wọ́n kàn gbé e lọ. Vitiligo sì ti bá ẹ̀tẹ̀ wọ inú ìbéèrè náà láìmọwọ́mẹsẹ̀. Òótọ́ tó yẹ kí ìdílé tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí bàbá tàbí ìyá wọn ní vitiligo ni kì í ní in rárá, pé kì í dí oyún lọ́wọ́, pé kì í sì í gé ẹ̀mí kúrú. Ẹni tó bá torí rẹ̀ tú àdéhùn ìgbéyàwó ká kò ní àwíjàre kankan lọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ẹ̀sùn bíbóra náà ń dunni wọra. Gbogbo ayé fi ẹ̀sùn yìí kan Michael Jackson, olórin ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì 1993, ó sọ fún Oprah Winfrey lórí tẹlifíṣọ̀n pé àìsàn awọ ara ni òun ní, pé òun kò sá fún àwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2009, àwọn dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ló sọ, vitiligo ni. Ọjọ́ ikú rẹ̀ yẹn ni wọ́n wá yà sọ́tọ̀ bí Ọjọ́ Vitiligo Lágbàáyé, ó sì yẹ kí inú wa dùn sí ibi tí ayẹyẹ àkọ́kọ́ ti wáyé ní 2011: Èkó ni. Ogo Maduewesi, ọmọ Nàìjíríà tó ní vitiligo, tó sì dá ẹgbẹ́ VITSAF sílẹ̀ fún àwọn tó ní in, wà lára àwọn tó ru ẹrù náà sórí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Winnie Harlow, ọmọ Kánádà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, gbé ara rẹ̀ tó ní àmì bọ́ sí iwájú kámẹ́rà àwọn afẹ̀wàṣiṣẹ́ ní 2014. Mo mọyì àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n pa ẹni tó fẹ́ gba ìtọ́jú lẹ́nu mọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà kò jẹ̀bi, ẹni tó fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ padà kò jẹ̀bi.

Ẹni tó bá wá fẹ́ tọ́jú ara rẹ̀, àyẹ̀wò ló máa kọ́kọ́ ṣe, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun ni vitiligo. Àmì ẹ̀tẹ̀ kì í sábà funfun báláú, ó kàn ń ṣá ni, ohun tó sì fi í hàn ni pé ara ibẹ̀ á kú: bí o bá fi òwú pa á, ẹni náà kò ní mọ̀. Lójú àmì vitiligo, ara yè kedere. (Ẹ̀tẹ̀ gan-an ti di ohun tí oògùn ń wò sàn pátápátá, ọ̀fẹ́ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pín oògùn náà láti 1995. Kò yẹ kí a tún máa sá fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.) Olú awọ ara tó máa ń yọ sí àyà àti ẹ̀yìn lásìkò ooru máa ń ní èépá wẹ́wẹ́ lórí, oògùn olú ló ń kápá rẹ̀. Àrùn tí kòkòrò etí odò ń fi sára, èyí tó máa ń fọ́ni lójú, máa ń mú ojúgun ṣí bí awọ ẹkùn. Àfín ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Bí ó bá rú dókítà lójú, ó ní iná kékeré kan tí wọ́n sọ lórúkọ Robert Wood, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á pa gbogbo iná, yàrá á ṣókùnkùn. Wọ́n á wá tan iná náà, tó jẹ́ pé ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rí i, wọ́n á gbé e sún mọ́ awọ. Ibi tí aláró ti tán pátápátá á tàn yanran, á funfun pẹ̀lú búlúù díẹ̀. Ibi tí aró kàn dín kù á ṣókùnkùn díẹ̀. Nígbà mìíràn, àmì tí ẹni náà kò mọ̀ pé òun ní á yọ sí èjìká tàbí sí abẹ́ ojú. Àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì gba abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ tó ṣe pàtàkì ni ti ẹ̀jẹ̀ tírọ́ìdì. Tírọ́ìdì ni ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun, òun ló máa ń wú tí a fi ń pe é ní gẹ̀gẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó ń pa aláró lè yíjú sí òun náà, kó má ṣiṣẹ́ tó mọ́ tàbí kó máa ṣiṣẹ́ jù. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní vitiligo ju àwọn yòókù lọ, oògùn rẹ̀ sì wà. Ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tó ń sanra tàbí tó ń rù láìnídìí, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, kó má sọ pé ìrònú vitiligo ló ń ṣe òun. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọ̀kan lára àwọn ìtọ́jú tó pẹ́ jù tí a mọ̀ ti Ilẹ̀ Adúláwọ̀ wá. Létí odò Náílì ní Íjíbítì, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń lo hóró ewéko kan tó ń jẹ́ Ammi majus, wọ́n á sì jókòó sínú oòrùn. Ní àwọn ọdún 1940, Abdel Monem El Mofty, dókítà kan ní Káírò, fi èròjà tí wọ́n yọ nínú hóró yẹn tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti wá so èròjà náà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ oníná ní àwọn ọdún 1970. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí èébì máa gbé ènìyàn, ó ń jóni, ó sì lè bí jẹjẹrẹ awọ lọ́jọ́ iwájú. Ní 1997, àwọn dókítà ní Amsterdam fi hàn pé iná mìíràn, tó jẹ́ pé ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n yọ lò, ṣe dáadáa tó ti àtijọ́ láìjẹ́ pé aláìsàn gbé oògùn kankan mì. Iná yẹn ni òpómúléró ìtọ́jú títí dòní.

Àǹfààní rẹ̀ wà, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ènìyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, nígbà mìíràn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bó bá máa gbà, ohun tí ẹni náà máa kọ́kọ́ rí ni àmì dúdú tóótòòtó láàárín funfun, ìkọ̀ọ̀kan ní ìdí irun kan. Inú ihò irun ni ìyókù àwọn aláró máa ń sá pamọ́ sí nígbà ìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà jáde wá. Àwọn tóótòòtó náà á fẹ̀, wọ́n á kan ara wọn, wọ́n á bo ojú ibẹ̀. Èyí ló fà á tí ojú, ọrùn àti apá fi ń gba ìtọ́jú dáadáa, tí ìka ọwọ́, ètè àti ọrùn ẹsẹ̀ sì ń ṣagídí: irun ò sí níbẹ̀ tàbí kó má tó nǹkan. Bí irun ojú ibẹ̀ bá sì ti funfun, ibi ìsápamọ́ náà ti tú. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní torí pé ìka kò yí padà gbà pé oògùn kò ṣiṣẹ́ lójú.

Ní Britain, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HI-Light, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, fún àwọn ènìyàn 517 ní iná kékeré tí wọ́n lè fọwọ́ dì mú nílé, tàbí ìpara sitẹ́rọ́ìdì, tàbí méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nínú àwọn tó lo ìpara nìkan, 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àmì tí wọ́n fẹ́ tọ́jú ti dín kù débi tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Nínú àwọn tó lo iná nìkan, 22. Nínú àwọn tó lo méjèèjì, 27. Iye náà kò pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹni tó bá gbọ́ pé alágbo kan ń wo gbogbo ènìyàn sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n.

Ìpara sitẹ́rọ́ìdì tí mo dárúkọ yẹn ló máa ń mú ọ̀rọ̀ di rúdurùdu nílé wa. Ó ń tu àwọn ọmọ ogun ara lójú, dókítà sì máa ń kọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ṣùgbọ́n irú tiúbù kan náà, èyí tó ní clobetasol tàbí betamethasone nínú, ni wọ́n ń tà kiri ọjà fún ẹni tó fẹ́ pupa. Bí aláìsàn bá gbé ìwé dókítà délé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí orúkọ oògùn, á ní, "Ṣé o rí i? Bíbóra náà ni." Ẹlòmíràn á sì máa rà á fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á fi kun ojú fún ọdún mélòó kan, awọ á tín-ín-rín bíi bébà, ilà á yọ káàkiri, irorẹ́ á bò ó. Ojú àti ìpéǹpéjú kì í ṣe ibi tí a ń kùn ún sí fún ìgbà pípẹ́. Tacrolimus ni dókítà máa ń fẹ́ fún ojú, nítorí kì í jẹ awọ. Ó ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò gbọ́ nípa rẹ̀: nígbà tí àwọ̀ bá padà tán, tí ènìyàn bá dáwọ́ ìtọ́jú dúró gbáà, bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì á tún padà bá láàárín ọdún kan. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Faransé ní 2015 fi hàn pé bí wọ́n bá ń fi tacrolimus kùn ún lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀, iye yẹn á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 10. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé oògùn.

Oògùn tuntun ni ruxolitinib. Bí àwọn ọmọ ogun ara ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn pé kí wọ́n wá sí ibi tí aláró wà ni oògùn yìí ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ìpara ni, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù keje 2022, fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 12. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ láti dá àwọ̀ padà fún ẹni tó ní vitiligo. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 674, bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin funfun ojú wọn tó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24. Nínú àwọn tó fi ìpara tí kò ní oògùn kùn ún, kò ju 7 sí 11 lọ. Ó tún ń pọ̀ sí i bí ìtọ́jú bá pé ọdún kan. Nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni tiúbù kan nígbà tó jáde. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà wà. Wọ́n á mú awọ tó ní aláró láti itan, wọ́n á gbìn ín sí ojú funfun. Fún ẹni tí tirẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ara, tí kò sì tàn mọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, ó lè dára gan-an. Bí ó bá ṣì ń tàn, ojú ọ̀bẹ gan-an á di funfun tuntun. Ẹni tí ọgbẹ́ máa ń di kókó sára rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣẹ́ abẹ kó tó fọwọ́ kàn án. Fún ẹni tí funfun sì ti gba gbogbo ara rẹ̀ tán, tí dúdú kékeré ló kù, wọ́n lè lo monobenzone, èròjà ìbọ̀wọ́ 1939 yẹn gan-an, láti pa ìyókù aró. Kò ṣeé dá padà. Ìpinnu ńlá ni, ẹni tó ni ara ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe òbí.

Ti ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìtàn Náílì ti fi hàn pé ewé lè ní agbára, mi ò sì ní bá ẹni tó ń ṣe ìwádìí ewé jà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìṣègùn tó ń jóni. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi para kí ènìyàn tó bọ́ sínú oòrùn, ata tí wọ́n lọ̀ mọ́ àdí, omi ásíìdì bátìrì: gbogbo rẹ̀ ń bó awọ, awọ tó bó lára ẹni tí vitiligo ń jà lọ́wọ́ á sì tún ṣí funfun sí i. Ara ibẹ̀ á wú, aláìsàn á rò pé oògùn ń fa àrùn jáde ni. Àwọn mìíràn ń po sitẹ́rọ́ìdì mọ́ òrí láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Àdúrà ní tirẹ̀ kò dí oògùn lọ́wọ́. Wòlíì tó bá ní kí aláìsàn má lọ sí ilé ìwòsàn ló ń gba oṣù tó ṣeyebíye lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú ibi tó ṣí kò ní ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, ó máa ń jó kíákíá. Fìlà ẹlẹ́tí, agboòrùn, aṣọ tó bo apá, ìpara ìdènà oòrùn bí owó bá ká a, gbogbo rẹ̀ wúlò. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn tó ní vitiligo kì í tètè ní irú jẹjẹrẹ tó ń ti ara àwọn aláró wá. Ó jọ pé àwọn ọmọ ogun tó ń pa aláró kò dá èyí tó ya ìyàkuyà sí náà. Ní ti oúnjẹ, kò sí ẹ̀rí pé ẹja, wàrà tàbí ọsàn ló ń fa vitiligo. Kí ìyá ọmọ má fi èèwọ̀ oúnjẹ sọ ọmọ di aláìjẹunkánú.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú di ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀. Kì í ṣe pé àwọn dókítà wa kò mọ̀ ọ́n: láti 1989 ni Dókítà A. O. George ti kọ̀wé nípa vitiligo ní Ìbàdàn àti ìṣòro títọ́jú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn awọ ara lágbàáyé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà awọ ara kò tó nǹkan bí a bá fi wọ́n wé iye wa, ilé ìwòsàn yunifásítì ní àwọn ìlú ńláńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ìtọ́jú oníná tó ń fẹ́ kí ènìyàn wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, báwo ni ẹni tó ń gbé Ṣakí ṣe máa ṣe é ní Ìbàdàn? Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ò wá mọ àsìkò ìpàdé aláìsàn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé iná kékeré tí wọ́n dán wò ní Britain yẹn ló bá wa mu jù. Bí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní mélòó kan tí wọ́n ń yá aláìsàn, tí nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ sì ń ṣọ́ ọ, ẹni tó wà ní Ṣakí kò ní wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ mọ́. Òfin ìdáàbòbò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ètò ìdáàbòbò ìlera. Kí àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ fi tacrolimus, àyẹ̀wò tírọ́ìdì àti ìtọ́jú oníná kún ohun tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, kí wọ́n sì yéé kà á sí ọ̀ràn ẹwà. Ẹni tí wọn kò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kò wá ẹwà wá.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí àmì funfun tuntun sì ń yọ sí lára: ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí o fi owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n má dúró dè é kí o tó lọ bá dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó súnmọ́ ọ jù. Gbé fọ́tò náà dání, kó gbogbo ìpara tó o ti ń lò lọ pẹ̀lú, má fi ọ̀kankan pamọ́ fún un, kí o sì ní kó yẹ tírọ́ìdì rẹ wò.